Bí a ṣe ń kun àpótí ìgbín onípákó kí omi má baà jẹ ẹ́

Ọ̀rinrin tí ìgbín fẹ́ràn gan-an ló ń ba pákó jẹ́. Ní Èkìtì níbí, bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, kì í pẹ́ tí ìsàlẹ̀ àpótí tí wọn kò kùn dáadáa fi ń wú.

Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tí omi yóò máa gbà jáde, kí fáníìṣì lè wọnú ihò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn ikán pa igi yìí. Oró ni fún ìgbín.

Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha á, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 220 tó kúnná jù ú lọ, kí ẹ nu eruku kúrò. Fáníìṣì polyurethane olóròóró ló dára. Fún ìkùn àkọ́kọ́, ẹ po ife tápẹ́ntáìnì kan mọ́ ife fáníìṣì mẹ́wàá kó lè wọ igi lára. Ẹ wá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta sí i láìpo nǹkan kan mọ́ ọn, kí wákàtí 24 wà láàárín. Tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bó.

Ojú ibi tí ayùn gé ni omi ń gbà wọlé jù. Ẹ máa kùn ún títí kò fi ní fa fáníìṣì mu mọ́.

Ìgbẹ̀yìn ni sílíkóònù, ìyẹn àtè tí a fi ń dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, torí fáníìṣì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tí kò ní oògùn èbu. Ẹ fún un sí gbogbo oríkèé inú, kí ẹ fi ìka tí ẹ rì bọ omi ọṣẹ fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi àpótí sílẹ̀ síbi afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ pa á dé mọ́jú, kí ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: tó bá ṣì ń rùn, ìgbín kò gbọdọ̀ tíì wọ̀ ọ́.