Bí A Ṣe Ń Rin Etí Òkun Algarve ní Pọ́túgàl: Ìtọ́sọ́nà fún Arìnrìn-àjò láti Èkìtì

Algarve ni wọ́n ń pe gúúsù orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè Spéènì tó sì lọ parí sí ìkangun Yúróòpù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti gbà á ní ìhà méjì. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé ni pé kí ó pín ọjọ́ rẹ̀ sí méjì, kí ó lo apá kan ní ìlà-oòrùn, ní Olhão tàbí Tavira, kí ó sì lo apá kejì ní ìlú Lagos ti Pọ́túgàl ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò fẹ́ràn láti kó gbogbo àlejò lọ sí Albufeira tó wà láàárín, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá àti ilé ọtí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tí kò bá kúrò níbẹ̀ kò tíì rí Algarve.

Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ máa gbà. Òfin fàyè gba kí ẹ béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ó sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ 15 ó kéré tán sí ọjọ́ ìrìn-àjò nígbà tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjọ́ ìpàdé kì í yá rí gbà, ìrìn-àjò láti Èkìtì lọ fi ìtẹ̀ka sílẹ̀ sì ń jẹ owó àti àkókò. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, ti ọmọ ọdún 6 sí 11 sì jẹ́ 45 yúrò. Pásípọ́ọ̀tì yín gbọ́dọ̀ ní ojú ewé òfìfo méjì, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ máa nílò ìwé adójútòfò tó lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Ohun tí wọ́n ń wò jù ni ẹ̀rí pé ẹ máa padà wálé: òṣìṣẹ́ ìjọba kó mú ìwé ìyọ̀ǹda ìsinmi láti ọ́fíìsì rẹ̀, oníṣòwò kó mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ owó ní báǹkì sì bá ohun tí ẹ sọ mu. Owó ńlá tó ṣàdédé wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú máa ń kọ wọ́n lóminú.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí tí ẹ bá ń gba yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé Lagos ti Pọ́túgàl àti Èkó tiwa ń jẹ́ orúkọ kan náà. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, Lagos túmọ̀ sí Èkó. Faro ni pápákọ̀ òfurufú Algarve wà. Ẹni tó bá sì balẹ̀ sí Lisbon lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Faro láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́ta.

Oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án ló dára jù. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, owó yàrá máa ń ga, èrò á sì kún etí òkun dé ibi pé kò ní sí àyè láti tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀. Láàárín àkókò yìí, aago wọn àti aago Nàìjíríà kì í yàtọ̀, èyí tó ń rọrùn fún ẹni tó fẹ́ pe ilé lálẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin kan ló so gbogbo agbègbè náà pọ̀, láti Vila Real de Santo António lẹ́bàá ẹnubodè Spéènì, gba Tavira, Olhão, Faro àti Portimão kọjá, títí dé Lagos. Kì í sáré, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 65 ń san ìdajì, ohun tó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì mọ̀. Ẹ rántí pé ibùdókọ̀ Albufeira wà ní Ferreiras, tó jìnnà díẹ̀ sí ìlú gan-an, bákan náà sì ni ti Silves wà ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ gùn kí ẹ tó dé ìlú. Ẹ má torí ìyẹn fi Silves sílẹ̀ o, nítorí odi olókùúta pupa tí àwọn Mùsùlùmí tó jọba níbẹ̀ nígbà kan fi sílẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin.

Ìlà-oòrùn ni mo máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Olhão, ẹ lọ sí ọjà ẹja ní òwúrọ̀ Sátidé. Ilé alábíríkì pupa méjì tó dúró létí omi ni ọjà náà, ọ̀kan fún ẹja, èkejì fún èso àti ẹran. Àwọn ìyá àgbẹ̀ máa ń tẹ́ ọjà sí ìta lọ́jọ́ náà: ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, oyin, álímọ́ńdì, òróró ólífì nínú ìgò tí kò ní orúkọ lára. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kó èèyàn lọ sí erékùṣù Armona àti Culatra, àwọn erékùṣù iyanrìn tó dáàbò bo ọ̀sà Ria Formosa. Ní Tavira, ẹ béèrè etí òkun Praia do Barril. Àwọn apẹja ìdí ibẹ̀ ń pa ẹja túnà títí di nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, kí iṣẹ́ náà tó kú. Ìdákọ̀ró irin wọn ni wọ́n tò ní ìlà ní ìlà sínú iyanrìn, tí ìpẹtà ti bò wọ́n, tí koríko sì ń hù láàárín wọn.

Omi ìhà yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ti ìwọ̀-oòrùn lọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ti bọ́ sínú ìsun gbígbóná Ìkógòsì má retí irú rẹ̀. Àtìláńtíìkì tutù, ní àgbègbè Sagres pàápàá, ìlú tó wà ní ìkangun ìwọ̀-oòrùn Algarve. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ wo àsíá tó wà létí òkun: àwọ̀ ewé ní ẹ lè wẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò ní ẹ lè dúró nínú omi ṣùgbọ́n kí ẹ má lúwẹ̀ẹ́, pupa ní ẹ kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Bákan náà, ẹ má jókòó sábẹ́ àpáta, bó ti wù kí òjìji rẹ̀ dùn tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, àpáta wó lulẹ̀ ní etí òkun Maria Luísa lẹ́bàá Albufeira, ó sì pa èèyàn márùn-ún. Àwọn pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ fún ìdí.

Ní Lagos, Ponta da Piedade ni gbogbo èèyàn ń lọ wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: àpáta aláwọ̀ oyin tí òkun ti gbẹ́ di òpó àti ihò, tí ọkọ̀ ojú omi kékeré ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ilé kékeré kan tó wà ní gbàgede Infante Dom Henrique, tí wọ́n ń pè ní Mercado de Escravos, ọjà ẹrú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1444, wọ́n já èèyàn 235 tí wọ́n kó láti etíkun Áfíríkà sílẹ̀ ní ìlú yìí, wọ́n pín wọn ní gbangba, wọ́n ya ọmọ kúrò lára ìyá, Ọmọba Henrique ti Pọ́túgàl sì gba ìdá kan nínú márùn-ún. Ère rẹ̀ wà ní gbàgede náà títí di òní. Ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n rí egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó ju 150 lọ, tí àwọn kan nínú wọn dà bí ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́. Mi ò rí ìdí tí ọmọ Yorùbá fi máa rìn dé ibẹ̀ tí kò ní wọlé, kó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò le. Ẹja sàdíìnì tí wọ́n yan lórí èédú àti adìyẹ ìlú Guia tí wọ́n fi ata piri-piri ṣe máa bá ẹnu yín mu. Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n bá gbé síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ dá a padà láìfọwọ́ kàn án.

Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó dé Sagres, bọ́ọ̀sì ni ẹ máa wọ̀ láti Lagos. Ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ le, kí ẹ sì mọ àkókò bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kí ẹ tó rìn lọ sí Cabo de São Vicente, ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ bá máa gbéra ní Lisbon kó rí i pé òun sùn sí Lisbon ní alẹ́ tó ṣáájú, torí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Pọ́túgàl.