Bẹ́ ẹ ṣe máa gba lóònù ilé-ìwé láì jẹ gbèsè owó tẹ́ ẹ ò rí

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Tanke, Òkè-Odò, àtìgbà tí NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó ilé-ìwé, ti ṣí pọ́táàlì wọn ní May 2024 làwọn ọmọ Unilorin, Kwara Poly àti KWASU ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, àtẹni tó fẹ́ gbà á àtẹni tó ti gbà á tó wá ń káwọ́ lérí. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ò lópin. Èyí á ní àánú ni torí kò lélè, èyí á ní kí ló dé tọ́mọ tálákà á ti jẹ gbèsè kó tó ríṣẹ́. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Témi ni pé owó ilé-ìwé yẹn ò ní kàn yín lọ́wọ́ rárá, ilé-ìwé ni wọ́n máa san án fún, àmọ́ orúkọ yín ni gbèsè ẹ̀ wà, torí náà ẹ máa ṣọ́ ọ bí ẹni tí adìẹ ẹ̀ ń yé sílé onílé.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan pọ́táàlì, ẹ kó NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà màtíríìkì yín síwájú, kẹ́ ẹ wo orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ bí orúkọ wa ṣe ń rí nílùú Ìlọrin yìí, JAMB á kọ Abdulganiyu, NIN á kọ Abdul-Ganiy, báǹkì á kọ Abdulgani, ẹnì kan ṣoṣo náà sì ni o! Kọ̀ǹpútà ò mọ̀yẹn. Ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ni owó yìí wà fún, ẹni tó bá wà ní private kó má fi dátà ṣòfò. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó pé ó mọ èèyàn l'Abùjá.

Bẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ upkeep, ìyẹn owó ìnáwó oṣooṣù, ẹ dúró ná. 20,000 náírà lóṣù ni, àkáǹtì tiyín ló ń wọ̀, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ sì ti ń rò pé ìjọba ń ta wọ́n lọ́rẹ. Gbèsè ni. Oṣù mẹ́wàá, 200,000 nìyẹn, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ro owó ilé-ìwé mọ́ ọn. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, tẹ́ ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ náírà 10 nínú gbogbo 100 tẹ́ ẹ bá gbà lówó oṣù. Àwọn òbí máa ń bi mí pé ṣé kò sí ribá, ìyẹn èlé, ńbẹ̀, kò sí, iye tẹ́ ẹ bá gbà lẹ máa dá padà.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ọmọ kan fi owó àjọ ìyá ẹ̀ san owó ilé-ìwé torí ìdánwò ti dé tí lóònù ò tíì jáde, ìgbà tó yá lóònù jáde, ilé-ìwé gbà á, wọ́n wá gbowó méjì lórí ẹnì kan. Ó lọ títí, wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́la. Kò sì ní risíìtì kankan lọ́wọ́! Ní 2025 NELFUND fúnra wọn pariwo síta pé àwọn ilé-ìwé kan ń gbowó láì jẹ́ kí ọmọ tó lóònù mọ̀, torí náà kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ máa wọ pọ́táàlì yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti sanwó, ẹ ya skrínṣọ́ọ̀tì kí ọjọ́ àti iye owó hàn. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó tẹ́lẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí bọ́sárì tó ń mójú tó owó ilé-ìwé, ẹ so risíìtì àti skrínṣọ́ọ̀tì mọ́ ọn, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Lẹ́tà tí kò lóǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí i. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND.

Níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró ni sapa ti máa ń tì yín sọ́wọ́ lóònù orí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ápù náà lórí lísìtì FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ó wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Láti July 2025 ni òfin tuntun wọn ti ní ayánilówó ò gbọdọ̀ sọ owó sí àkáǹtì ẹni tí kò béèrè, kò sì gbọdọ̀ máa dójú ti onígbèsè, ìtanràn ẹ̀ lè tó 100 mílíọ̀nù náírà. Google náà ti ní kí ápù lóònù tó wà lórí Play Store wọn má wo nọ́ńbà àwọn èèyàn yín mọ́ láti 2023, nítorí ẹ̀, èyí tí kò bá sí lórí Play Store tó jẹ́ pé línkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kẹ́ ẹ gbà á síbẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹ wo iye tó máa wọlé àti iye tẹ́ ẹ máa san, ká ní ẹ béèrè 10,000, wọ́n fún yín ní 8,500, ẹ san 12,000 lọ́jọ́ méje, kí lẹ rí níbẹ̀? Tí wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìbàjẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá yín, ẹ má pa á rẹ́, òun lẹ máa fi fẹjọ́ sùn ní FCCPC. Ẹ ṣì máa san gbèsè ẹ o.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ lẹ́tà bọ́sárì, ẹ mú risíìtì yín dání. Tó bá di Jímọ̀, mo máa ń tilẹ̀kùn láago méjìlá, ó di aago méjì ààbọ̀ kí n tó dé.