Kí ẹ tó sọ pé Python ló ba fáìlì yín jẹ́

Ká ní owó ọkọ̀ láti Ìlọrin wà nínú fáìlì kan, owo.txt, ìlú kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: Ọ̀fà 2000, Òmù-Àrán 3000, Èkó 12000. (Owó àfiṣàpẹẹrẹ ni o, ẹ má lọ fi bá dẹ́rẹ́bà jà ní gáréèjì.) Epo ti wọ́n sí i, ẹ wá fẹ́ fi Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, sọ ti Ọ̀fà di 2500.

Ẹ má fi open("owo.txt", "w") ṣí fáìlì tí ẹ kò tíì kà; "w" ni ti kíkọ, "r" ni ti kíkà. Bí Python bá ti rí "w" báyìí, ó ti nu gbogbo inú rẹ̀ nìyẹn, kò ní bi yín léèrè. Ẹ fi "r" kà á ná, kí ẹ tún àwọn ìlà ṣe, kí ẹ kọ èsì sínú fáìlì mìíràn. Tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó tẹ́ yín lọ́rùn, os.replace á fi í rọ́pò ti àtijọ́. Ní tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ kọ nǹkan tààrà sínú fáìlì gidi.

Ká pe ìlà kọ̀ọ̀kan tí ẹ kà ní ila nínú kóòdù. ila.replace("2000", "2500") nìkan kò yí ìlà padà; ẹ̀dà tuntun ló ń mú wá, àfi kí ẹ gbà á: ila = ila.replace("2000", "2500"). Ẹ sì rí i pé ìlà Ọ̀fà nìkan lẹ ṣe é fún, torí 2000 wà nínú 12000 àwọn èrò Èkó náà.

Èyí tó ń da orí rú jù ni if ila == "Ọ̀fà 2000", tí ẹ fi ń wá ìlà Ọ̀fà, tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí kóòdù sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìkígbe. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ kọ print(repr(ila)), ẹ ó rí \n, àmì pé ìlà parí, tó sá pamọ́ sí ìparí ìlà. rstrip("\n") á yọ ọ́, àmọ́ ẹ dá a padà tí ẹ bá ń kọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú á lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Tí kò bá ṣì bára mu, ẹ wo àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni kì í sábà dé ibí yìí, kò kàn wọ́n. Ọ lè jẹ́ ẹyọ kan, U+1ECC (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà). Ó sì lè jẹ́ O tí wọ́n fi U+0323, àmì abẹ́ lẹ́tà, sí nídìí. Fóònù akọ̀wé gáréèjì lè lo ọ̀kan, kí láptọ́ọ̀pù yín ní Tanke lo èkejì. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n len("Ọ̀fà"), tó ń ka iye ẹyọ inú ọ̀rọ̀, lè jẹ́ 4 lọ́dọ̀ ẹnì kan, kó jẹ́ 6 lọ́dọ̀ ẹlòmíì. repr ò ní fi hàn yín, ascii(ila) ló ń tú u síta. Ẹ fi unicodedata.normalize("NFC", ila), tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, tún ìlà ṣe, kí ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Ẹ̀yin tó ń lo Windows, ẹ fi encoding="utf-8", ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba Ọ àti àwọn àmì rẹ̀, sínú open nígbà kíkà àti nígbà kíkọ. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ nígbà kíkọ, àṣìṣe tó ń jẹ́ UnicodeEncodeError lè dá kóòdù dúró lórí Ọ àkọ́kọ́ tó bá pàdé, kí ìlú tó kù lẹ́yìn rẹ̀ má dé inú fáìlì.