Ẹ̀rọ Aboyún Lẹ́bàá Etí Bàbá

"Ṣé wọ́n ní mo lóyún sórí ni?"

Bàbá ló bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fa ẹ̀rọ síkáànì sún mọ́ wọn. Wọn ò jẹ̀bi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Adó-Èkìtì, aboyún mẹ́fà ni mo ti fi ẹ̀rọ yẹn wò.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti wá, àwọn àti ọmọbìnrin wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ alárùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n tó sì ń mú ìrìn falẹ̀, sábà máa ń gbọ̀n nígbà tó bá sinmi lórí itan. Tó bá nawọ́ sí iyán, á rọlẹ̀ díẹ̀. Gbígbọ̀n mìíràn wà tí kì í ṣe Parkinson, ìgbà téèyàn bá ń gbé ife lọ sẹ́nu ló ń le. Ti Bàbá ń ṣe méjèèjì, ìyẹn ni dókítà fi ní kí n bá àwọn wo ọpọlọ wọn.

Ní 1995 ni àwọn dókítà kan ní Jámánì kọ ọ́ jáde pé ibì kan nínú ọpọlọ àwọn alárùn Parkinson máa ń tàn yòò lójú ẹ̀rọ síkáànì. Substantia nigra ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun dúdú. Ohun dúdú tó ń funfun! Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo pa iná yàrá. Mo yọ ojú ẹ̀rọ tí a ń fà lórí ikùn, mo fi èyí tí a fi ń wo ọkàn síbẹ̀, mo sún jíjìn rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 16. Mo fi jẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀bátí, níwájú etí, níbi tí egungun ti fẹ́lẹ́. Apá ọ̀tún ṣókùnkùn biribiri. Mo tẹ̀ ẹ́ síwá, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìró ni ẹ̀rọ yìí fi ń yàwòrán, egungun àwọn kan kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá, pàápàá àwọn ìyá àgbà, kò sì sí ohun téèyàn lè ṣe sí i.

Mo yí sí òsì, labalábá yọ. Bí àárín ọpọlọ ṣe máa ń rí lójú ẹ̀rọ nìyẹn: ìyẹ́ méjì, dúdú, tí funfun yí i ká. Nínú ìyẹ́ tòsì, ìlà kan ń tàn: ohun dúdú yẹn nìyẹn. Mo dá àwòrán dúró, mo fà á tóbi, mo fi ìlà yí i po. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n: 0.29, 0.27, 0.29 cm². Lórí ẹ̀rọ tiwa, 0.20 ni ààlà; èyí tó bá jù ú lọ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Òsì ọpọlọ ló sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún.

Síbẹ̀, mi ò kọ "Parkinson" sínú ìwé. Mo kọ iye tí mo rí, mo kọ ọ́ pé ọ̀tún ò ṣí. Dókítà tó ti wo ìrìn àti ọwọ́ wọn ni yóò pa á pọ̀.

Ọmọbìnrin wọn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà."

Mo ní rárá. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ara wọn le, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní funfun yìí, kí àrùn náà má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé. Kí ló fẹ́ máa gbé ìyẹn sùn fún? Ó ṣì ń bẹ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá ti fi fìlà nu jẹ́ẹ̀lì tó wà létí wọn.