Ayùn Tó Ti Jọs Bọ̀: Ẹ Tún Kábúrétọ̀ Rẹ̀ Ṣe Kó Tó Kan Igi Ékì

Tí ẹ bá ra ayùn oníṣéènì tó ti ṣiṣẹ́ ní Jọs, ẹ má tíì gbé e wọ igbó J4, nínú igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Jọs fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Ìjẹ̀bú-Òde tiwa kò tó 100. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè lọ́hùn-ún, agbára ẹ́ńjìnì a sì máa fi bí 3% dínkù ní gbogbo 300 mítà téèyàn bá gùn. Epo á wá pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ayùn á máa rú èéfín, pọ́ọ̀gì á dúdú. Mẹkáníìkì ibẹ̀ á yí síkúrù H, èyí tó wà lára kábúrétọ̀ tó ń díwọ̀n epo nígbà tí ayùn bá ń sáré dópin, wọlé díẹ̀ kí epo lè dín, ohun tó ṣe sì tọ̀nà.

Ayùn yẹn ló wá dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki. Epo tó ń wọlé kò tó mọ́, inú epo yẹn náà sì ni ọ́ìlì tó ń bo písítìn wà. Ohun tó ń tan àwọn oníbàárà mi jẹ ni pé ayùn náà á máa ké tantan, á máa sáré ju tuntun lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ni eléyìí!" Iná ni lóòótọ́. Tí mo bá tú sáìlẹ́ńsà, tí mo yọjú wo písítìn láti ojú ihò èéfín, màá bá ibi tó ti họ gbọọrọ gbọọrọ.

Ẹ kọ́kọ́ fọ àsẹ́ afẹ́fẹ́, torí àsẹ́ tó dí ń ṣe bíi pé epo pọ̀. Ẹ po epo tuntun: tí ọ́ìlì yín bá jẹ́ ti 50:1, mílílítà 100 sí bẹntiróòlù lítà 5. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ẹ wá yí H síta, sọ́wọ́ òsì, díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ ohun tí a fi ń fún ayùn lépo dópin fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láìgé nǹkan: ohùn ayùn gbọ́dọ̀ ha, kó máa gbọ̀n díẹ̀. Bó bá wọ igi, kí ohùn yẹn já geere. Èyí tó já geere láìgé nǹkan, epo rẹ̀ ṣì kéré. Àwọn ayùn tuntun kan wà tó ń tún ara wọn ṣe. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Igi wá ńkọ́? Arère kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ékì le jù ú lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 7. Ìrókò kò le tó ékì, àmọ́ ó máa ń fi òkúta pamọ́ sínú, eyín ṣéènì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa wo ohun tó ń já sílẹ̀: bó bá ti kúnná bíi láfún, ẹ dúró, ẹ fá eyín. Ẹni tí kò bá dúró á máa fi agbára tẹ ayùn mọ́gi. Ẹ́ńjìnì á máa mu epo dópin, ṣùgbọ́n kò ní lè yí bó ṣe yẹ, abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ kò ní fẹ́ tó, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á máa jó. Fún gígé igi lulẹ̀, ẹ dagun fáìlì sí 30° tí ẹ bá ń fá eyín; fún lílà pákó, 10°. Nínú ékì, gbogbo ìgbà tí ẹ bá rọ epo ni kí ẹ fá a, àwọn ọmọ iṣẹ́ ìbáà máa kùn.

Lẹ́yìn ìlà gígùn, ẹ má pa á lójijì. Ẹ jẹ́ kó rọra máa yí fún bí ìṣẹ́jú kan kí ooru lè jáde. Tí ẹ bá sì ń gbé ayùn láti ibí lọ sí orí òkè Mambila, òdìkejì bí a ṣe yí H níbí ni: ẹ fi kálámù sàmì sí ibi tí H wà kí ẹ tó yí i wọlé, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa dá a padà sí.