Tí etí bá ń hó láìdákẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó ṣáá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àdín sí i. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kẹ́ ẹ lọ bá. Wọ́n wà nílé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó. Ẹ ní kí wọ́n yẹ bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ràn wò, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, torí kuiníìnì tí wọ́n fi ń wo ibà àti abẹ́rẹ́ gentamicin tó ń pa kòkòrò àrùn lè fa híhó etí. Tí etí kan bá ṣàdédé di, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ o! Ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sá fún un. Dókítà tó bi yín léèrè bóyá híhó náà ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóru, ẹ di tiẹ̀ mú.