Ohun tó ń jẹ àwọn ọmọ ẹja mi nínú àpótí gíláàsì

Láti ìgbà tí mo ti ń bu kòkòrò inú adágún fún àwọn ẹja guppy tí mo ń sìn nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ọmọ wọn ti ń dín kù lóròòru, láìsí òkú kankan lójú omi. Mo pààrọ̀ omi, mo kó àwọn ẹja ńlá kúrò, síbẹ̀ wọ́n ń dín kù.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé mo da omi adágún náà sínú abọ́ funfun, mo jẹ́ kí ó tòrò, mo sì fara balẹ̀ wò ó nínú oòrùn. Tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn, rọ̀ sójú omi ní oríkodò, nítorí ìdí rẹ̀ ni ó fi ń mí. Nísàlẹ̀ abọ́ ni ọmọ lámilámi wà, aláwọ̀ ẹrẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí ó lúgọ láìmira. Bí tanwíjí kan ṣe kọjá níwájú rẹ̀, ó na àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde wàì, ó sì gbá a mú. Mo tú yanrìn inú àpótí, mo sì bá irú rẹ̀ níbẹ̀, ni mo bá yọ wọ́n dànù.

Ní báyìí, asẹ́ tíì ni mo fi ń kó tanwíjí ojú omi nìkan, mo ń fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni mo sì ń fún wọn, kí ìyókù má baà di ẹ̀fọn nínú ilé. Àwọn ọmọ ẹja tèmi kò dín kù mọ́, ṣùgbọ́n guppy ńlá náà a máa jẹ ọmọ, nítorí náà ó lè má jẹ́ lámilámi ni ó fà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.